Ojú Ta Ló Wà Nídìí Abọ́ Ẹ̀bà Mi?

Nínú ilé ìdáná wa, ojú àwọn tí n kò mọ̀ rí pọ̀ ju ojú àwọn ẹbí mi lọ. Bí mo bá ti jẹ ẹ̀bà dé ìsàlẹ̀ abọ́ báyìí, ìyá àgbà kan ni yóò yọjú sí mi, gèlè aláwọ̀ wúrà lórí, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ́rùn, ẹ̀rín lẹ́nu, bí ẹni tó fẹ́ béèrè pé ṣé mo yó. Ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún rẹ̀ ni wọ́n fi abọ́ náà ṣe ìrántí. N kò sí níbi ìnáwó náà, n kò mọ ilé wọn, ṣùgbọ́n bí mo bá pàdé ìyá náà nínú ọjà Bódìjà lọ́la, màá dọ̀bálẹ̀ kí i. A ti jọ jẹun pẹ́.

Ife tí a fi ń mu tíì ní tirẹ̀, ojú tọkọtaya kan ló wà lára rẹ̀. Wọ́n fi orí kan orí, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé ìfẹ́ àwọn yóò wà títí ayé. Ìgbéyàwó ti tú ká. Ife ò tíì fọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni ọkọ, ó sì máa ń yà kí wa. Bó bá ti kan ilẹ̀kùn, ìyàwó mi a sáré gbé ife náà pamọ́ sẹ́yìn garawa gààrí, nítorí ọmọlúàbí kì í fi ojú ìyàwó tó kọ èèyàn sílẹ̀ bu tíì fún un.

Ti agboòrùn ló wá burú jù. Ti ìsìnkú ni. Wọ́n tẹ àwòrán bàbá olóògbé kan sí i yí ká, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí i àti ọdún tó jáde láyé. Ní ọjọ́ òjò kan, mo gbé e dúró ní ibùdókọ̀, arákùnrin kan tí n kò mọ̀ rí sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún Bàbá.” Mo ṣe àmín. Kí ni ǹ bá sọ? Òjò ń rọ̀, òun náà sì fẹ́ wọ abẹ́ agboòrùn.

Mo ti rí ojú olóyè kan lára garawa ìwẹ̀, n kò sì mọ bó ṣe rò ó tó fi gbà pé kí òun máa bá gbogbo àdúgbò wọ balùwẹ̀. Mo ti rí tówẹ̀lì tí ojú ìyá ìyàwó wà láàrin rẹ̀ gan-an, níbi tí ọwọ́ máa ń dé nígbà tí èèyàn bá ń nu ẹsẹ̀. Abẹ̀bẹ̀, kàlẹ́ńdà, fúláàsìkì, àpò ọjà, ìwé pélébé tí a fi ń kọ gbèsè sílẹ̀, kò sí èyí tí wọn ò tíì ya ojú sí. Láti ìgbà tí nǹkan ti wọ́n gógó, àwọn kan ti ń pín iyọ̀ àti sùpàgẹ́tì, wọn á lẹ ojú onínàáwó mọ́ ara ọ̀rá rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. O sè é, o jẹ ẹ́, o sọ ọ̀rá nù, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹni tó bá sọ pé àṣejù àwọn ọmọ ayé òde òní ni ojú yíyà sí nǹkan, kó bi àwọn aládìrẹ wò. Ní ọdún 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́, àwọn obìnrin wa ya òun àti olorì rẹ̀ sí orí àdìrẹ. Olóba ni wọ́n ń pe aṣọ náà, ó sì wà ní ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé títí di òní. Ìyá àwọn ìyá wa ló ń fi ojú ọba òyìnbó ró ìdí lọ sọ́jà. Bóyá ọ̀wọ̀ ni o, bóyá yẹ̀yẹ́ ni, àwọn tó ró o ló mọ̀.

Nígbà tí àwo orin dé, ojú kọ́ ni wọ́n ń yà, orúkọ ni wọ́n ń fi sí i. Ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ kan wà ní Òṣogbo tó ń jẹ́ Oroki Social Club. Ní ọdún 1971, Haruna Ishola, bàbá alápàlà ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, gbé àwo kan jáde tó fi orúkọ ẹgbẹ́ náà pè, àwo yẹn sì wà lára àwọn àwo àpàlà tó tà jù lọ láyé. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà lè ti lọ, ẹni tí kò dé Òṣogbo rí ṣì ń dárúkọ wọn. Àwo ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí nígbà náà, àwo la fi ń ṣe é lónìí. Tiwọn ń kọrin, tiwa ń gba ẹ̀bà.

Nítorí náà, n kò bá ojú jà. Ẹni tó bá wù pé kí ojú òun wà lára ìkòkò, kó yà á. Ohun tí mo fẹ́ gbé sórí òṣùwọ̀n ọmọlúàbí ni bí a ṣe ń pín in. Yorùbá kì í dúró de ìgbà tí èèyàn bá di aláṣẹ kí wọ́n tó mọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹ gbé nǹkan lé e lọ́wọ́ kó pín in, kí ẹ máa wò ó. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ tó bá pín ẹran ló ń mú kẹ́yìn. Òfin yẹn nìkan ti tó láti tún ìwà ọmọ ṣe, nítorí ó mọ̀ dájú pé èyí tó bá kéré jù ni yóò kù fún òun. Mo rí àbúrò mi tó ń fi òwú wọn ẹran kó tó gé e.

Àwa àgbàlagbà kì í wọn nǹkan mọ́, ojú la ń wò. Láti inú ọjà ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó l'Ékòó á ra ike rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà tàbí Balógun, á wá gbé e lọ sí Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láti òpópónà kan dé èkejì, kí wọ́n bá a tẹ ojú àti orúkọ sí i. Mo sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan lọ ra tirẹ̀. Obìnrin tó ń ta ike náà kò bi wá pé èèyàn mélòó là ń retí. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, “Mọ́mì, ti àwọn VIP ńkọ́? Ti àwọn tó ra aṣọ ńkọ́? Ti gbogboogbò nìyí o.”

Ó to abọ́ mẹ́ta síwájú wa. Èkíní nípọn, ìdérí rẹ̀ ń dún pàá bí o bá dé e. Èkejì fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ̀kẹta, mo gbé e sókè sí oòrùn, mo rí ìka ọwọ́ ara mi láti òdì kejì. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé ṣé èyí kò ní fọ́ báyìí. Obìnrin náà wò wá bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. “Mọ́mì, ṣebí mo ti sọ fún yín pé ti gbogboogbò ni.”

Mo rò ó títí a fi dé ilé. Wọn kò tíì pe àlejò kan ṣoṣo, wọ́n ti mọ ẹni tí abọ́ rẹ̀ yóò fọ́.

Ní ọjọ́ òde fúnra rẹ̀, àǹtí kan ló sábà máa ń wà nídìí pínpín. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Òun ló fi ìborùn di ìgbànú, tó gbé báàgì Ghana-Must-Go sí apá òsì, tó ń rìn láàrin tábìlì láìrẹ́rìn-ín. Kì í wo ojú èèyàn, aṣọ ló ń wò. Bí aṣọ rẹ bá bá ti ẹbí mu, ọwọ́ á wọ báàgì. Bí kò bá bá a mu, á wo orí rẹ kọjá, á máa wá ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀.

Ní òde kan báyìí n'Íbàdàn, bàbá àgbàlagbà kan jókòó sí tábìlì wa. Gíní funfun tó ti lo ìgbà díẹ̀ ló wọ̀, ó lọ̀ ọ́ dáadáa, fìlà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Olùkọ́ tó kọ́ ọkọ ìyàwó ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Àǹtí pín abọ́ yí tábìlì ká, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ó fò ó. Bàbá kò sọ nǹkan kan, ó ń mi orí sí orin. Obìnrin tó jókòó tì mí ni kò gbà.

“Àǹtí, ẹ ò fún Bàbá!”

“Wọn ò wọ aṣọ.”

“Ṣé ìhòhò lẹ bá wọn ni?”

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Àǹtí, ó yọ abọ́ méjì sílẹ̀ kó lè tètè kúrò níbẹ̀. Alágbàwí wa gbé ọ̀kan síwájú Bàbá, ó sì ju èkejì sínú báàgì tirẹ̀ láìwẹ̀yìn. Mo ń wò ó. Ó ní, “Kí lẹ ń wò? Ṣé lọ́yà ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni?” Bàbá gbé ìdí sókè díẹ̀ lórí àga, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó nawọ́ sí Àǹtí lókèèrè láti dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà. Nígbà tó yá, ọmọ kékeré tó ń ṣa òfìfo ìgò ẹlẹ́rìndòdò kọjá, Bàbá sì gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́, ó ní kó fi mu ẹ̀kọ.

Ẹ jẹ́ ká wọn wọ́n. Mi ò dá Àǹtí lẹ́bi tán, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ẹni tó sọ fún un pé aṣọ ni kó máa wò ni kó wá jẹ́jọ́. Ti Bàbá kò nílò ẹjọ́. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi yẹn ló ń rú mi lójú. Ó sọ òtítọ́ níbi tí àwa yòókù ti gbé ẹnu dákẹ́, ó gba àgbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú, àwa tí a kà sí èèyàn jẹ́jẹ́ ń wo abọ́ ọwọ́ wa. Bí wọ́n bá ní kí n dájọ́ rẹ̀, màá ní ọmọlúàbí ni títí dé ìgbà tó ṣí báàgì.

Báàgì ọ̀hún náà tó sọ̀rọ̀. Àwọn báàgì kan wà tí wọ́n ń gbé lọ sí òde tí kì í ṣe ti ẹ̀ṣọ́. Ọ̀rá mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ká jọ: ọ̀kan fún ẹran, ọ̀kan fún móínmóín, èyí tó kù fún ohunkóhun tí Ọlọ́run bá ṣe. Àwọn àgbà ti sọ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn tí mò ń sọ yìí kò bẹ̀rù ìyẹn. Igbá gan-an ni wọ́n wá gbé.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé abọ́ nìkan là ń pín báyìí lóde. Ẹ wo ọ̀gangan ibi tí olórin wà. Nínú ẹgbẹ́ olórin kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan wà tí kò lùlù, tí kò gberin. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa rìn kiri, kó wo ẹni tí wọ́n dìde fún nígbà tó wọlé, kó bi àwọn tó jókòó tì í pé kí ni orúkọ rẹ̀, ìlú wo ló ti wá, oyè wo ló jẹ, ta ni ìyàwó tó bá a wá. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì, ilé ti dàrú rí nítorí pé wọn ò bi í. Á kọ ọ́ sórí bébà pélébé, á sọ ọ́ sétí olórin, kí a tó ṣẹ́jú, orúkọ ọkùnrin náà ti wọ inú orin, gángan ti gbà á, ọkùnrin náà ti dìde, ó ń yọ owó lápò. Ẹlòmíràn ti dúró ti àpò tí wọ́n ń ṣa á sí.

Mo mọ ọkùnrin kan tó ń ta táyà. Èèyàn dáadáa ni, kò jẹ oyè kankan rí. Ní òde kan, bí owó ṣe ń jáde ni oyè ń wọlé: ó di Olóyè, láìpẹ́ ó di Ọ̀túnba, nígbà tí ìdì tuntun já, wọ́n ti fi ìlú kan ta á lọ́rẹ. Ní ọjọ́ Ajé, mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ẹsẹ̀ ti táyà. Mo kí i pé Kábíyèsí. Kò dáhùn.

Àwọn olórin wa náà mọ adùn oyè, ẹ má dá wọn lẹ́jọ́. Sunny Ade jẹ́ King, Ebenezer Obey jẹ́ Chief Commander, Kollington Ayinla jẹ́ General, Salawa Abeni jẹ́ Queen. Sikiru Ayinde, tí n kò gbọ́ pé ó bá ẹnikẹ́ni rojọ́ ní kóòtù rí, jẹ́ Barrister, ó sì pe ilé rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ ní Fuji Chambers. Òun náà ló sọ pé ara pátákó ìpolówó kan ní pápákọ̀ òfurufú lòun ti rí orúkọ òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan, tóun fi sọ orin òun bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Japan kò mọ̀ pé òkè wọn ń jó ní Mushin.

Ohun tí mo fẹ́ kí a rántí nípa fújì ni ibi tó ti wá. Wéré ni, orin ajísààrì. Nínú oṣù Ààwẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ a máa lu ìlù kọjá láàrin òru, kí àwọn Mùsùlùmí lè jí dìde jẹ sààrì. Orin yẹn kárí. Ẹni tó ń gbé petẹ́ẹ̀sì jí, ẹni tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ márùn-ún jí, Kìrìsìtẹ́nì tí kò gba ààwẹ̀ náà jí, ó sì bú wọn. Kò sí ẹni tó béèrè aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó jí i.

Oríkì wa náà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ ni wọ́n ti fún un ní Àjàní tàbí Àdùnní, kó tó ṣiṣẹ́ kọ́bọ̀, kó tó mọ ẹni tó bí i. Oríkì orílẹ̀ rẹ̀ sì ń dúró dè é. Bó bá dàgbà tó di akúṣẹ̀ẹ́, ìyá rẹ̀ yóò ṣì kì í láàárọ̀, oríkì náà kò ní dín. Mo mọ̀ pé kò sí ìgbà tí alágbe tàbí onílù kì í gba owó. Iṣẹ́ wọn ni, wọ́n sì bí àyàn sídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì ló máa ń ṣáájú, owó á tẹ̀ lé e, nítorí pé ohun tí wọ́n kì fún ọ jẹ́ tìrẹ tẹ́lẹ̀. Lónìí, owó ló ń ṣáájú, àtẹ́lẹwọ́ la sì fi ń mọ orílẹ̀ èèyàn.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, ìwà rere wà nídìí fújì. Barrister kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 2010. Wasiu Ayinde, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tó sì gba Ayinde mọ́ orúkọ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò yé dárúkọ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ọmọdé fújì tí kò rí i rí náà ń kí i nínú orin. Òkú kì í náwó fún olórin. Ẹ ò rí i pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó fífọ́n náà ti di ti ìjọba. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, ní abala 21, ní ẹni tó bá ń fọ́n náírà tàbí tó ń jó lé e lórí lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. A fi òfin náà ṣe ẹ̀ṣọ́ fún ọdún pípẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán Idris Okuneye, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bobrisky, ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn kan ń fi fóònù fi owó ránṣẹ́ sí olórin láti orí àga, àwọn kan sì ń fọ́n dọ́là, wọ́n ní náírà nìkan ni òfin dárúkọ. Ọmọ Yorùbá, ẹ bá mi kí wọn.

Bébà ni òfin yẹn ń gbà sílẹ̀. Òṣùwọ̀n tiwa ń wo ẹni tí wọ́n fọ́n ọn lé lórí. Ẹni tó rọra mú owó lé onílù níwájú orí tàbí lọ́wọ́, tó sì kí i, ó bọlá fún un. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó ń da owó sílẹ̀ lójú agbo, tí onílù tó lè bí i lọ́mọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, gángan lábẹ́ abíyá, ó ń ṣa á láàrin bàtà rẹ̀. Bí ìka ọwọ́ àgbà náà bá ti fẹ́ kan bébà, ọmọ náà á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi fóònù yà á. Kò sí báńkì àpapọ̀ tó lè sọ ohun tí ọmọ náà bà jẹ́ níbẹ̀.

Àbúrò mi kan tó wà ní yunifásítì máa ń fi abọ́ wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọ̀làjú kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Òun náà sì ní tí-ṣẹ́ẹ̀tì dúdú kan tí wọ́n tẹ ojú olórin sí láyà, owó tó fi rà á tó ra abọ́ fún tábìlì méjì. Mo ní kó ṣàlàyé ìyàtọ̀ fún mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, merch nìyẹn.” Mo ní ó dáa. Èmi, wọ́n fún mi ní ojú lọ́fẹ̀ẹ́. Òun fowó ra ojú, ó tún ń gbé e kiri ìlú láìgba owó ìpolówó.

Orin tó ń gbọ́ kò sì jìnnà sí tiwa. Asake, tó ka ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ní yunifásítì Ifẹ̀, ohùn fújì pọ̀ nínú orin rẹ̀, ó sì gbé e dé O2 Arena ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2023. Níbi eré irú àwọn wọ̀nyí, ẹni tó ra tábìlì ń jókòó níwájú, ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kékeré ń nàró lẹ́yìn. N kò rí àbùkù kankan níbẹ̀. Ọjà ni, oníkálukú ń gba ohun tó sanwó fún. Ìnáwó kì í ṣe ọjà. Ẹni tí a ránṣẹ́ pè pé kó wá bá wa yọ̀, àlejò ni, ó sì ti san owó ọkọ̀. Nígbà tí a bá fi aṣọ ẹbí ṣe tíkẹ́ẹ̀tì, tí a fi abọ́ ṣe ọjà tó rà, a ti sọ àlejò di oníbàárà, kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu bó bá ń ṣe bí oníbàárà: á na ọwọ́, á jà, á gbé méjì.

Mo mọ èsì àwọn onínàáwó. Wọn á ní igba èèyàn làwọn pè, ẹgbẹ̀ta ló wá, abọ́ tó dára kò lè kárí. Òótọ́ ni, òde wa kì í ní ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà ní àdúgbò wa tó ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀, kò ya ojú sí nǹkan kan. Iyọ̀ àti páálí ìṣáná ló pín, gbogbo wa gba irú kan náà: pásítọ̀ gbà, alága àdúgbò gbà, ọlọ́kadà tó gbé àlejò wá gbà, ó sì tún bi í pé ṣé ó ti jẹun. Àwọn ọlọ́rọ̀ ẹ̀yìn ní ahun ni. Ní tèmi o, n kò tíì rí ìnáwó tó tóbi tó ìyẹn láti ìgbà náà, bí ẹ tilẹ̀ ka àwọn tí wọ́n ti ojúlé kan dé òmíràn dí ọ̀nà mọ́ mọ́tò.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìnáwó ní Dìsẹ́ńbà, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín. Bí ẹ bá dé Ìdúmọ̀tà tí wọ́n bi yín ní ti VIP, ẹ ní irú kan náà lẹ fẹ́, bó ṣe wù kó kéré mọ. Ẹ ka àwọn tó ń dáná, àwọn tó ń ṣọ́ mọ́tò àti àwọn tó ń gbá ilẹ̀ lẹ́yìn wa mọ́ iye tí ẹ máa rà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ olórin bá sì gbé bébà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ tó kọ orúkọ ara yín, ẹ kọ́kọ́ kọ ti ìyá tó se ìrẹsì sí i, kí ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú oríkì rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹgbẹ̀rún kan náírà tì í. Wọ́n á kọ ọ́ lórin. Mo ti dán an wò.